Bí Olórin Aládàáni Ṣe Lè Máa Kọ Orin Sínú Fíìmù láti Èkìtì

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olórin tí ó ń gbé ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ọyẹ́, Ìjerò tàbí ìlú mìíràn ní Èkìtì, tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ agbórinjáde kankan, tí ó sì fẹ́ fi orin tirẹ̀ àti orin inú fíìmù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Iṣẹ́ méjì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ni ó ń ṣe wọ́n. Orin tí ẹ kọ fún ara yín, ẹ̀yin ni ẹ ni ín, ẹ̀yin ni ẹ sì máa sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Orin inú fíìmù ń sin ìtàn ẹlòmíràn, àwòrán ni ó sì ń sọ fún un bí yóò ṣe gùn tó. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa bá dáírẹ́kítọ̀ jiyàn lórí ohun tí kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an sílẹ̀ láìkọ ìwé kankan. Ìyàtọ̀ yìí ni ó wà nídìí gbogbo ìmọ̀ràn tí ó tẹ̀lé e.

Ohun èlò àti iná

Kò pọn dandan kí ẹ ní sítúdíò ńlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ní 16 GB RAM, hẹ́dífóònù tí ó bo etí dáradára, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àpótí kékeré tí ń so gbohùngbohùn mọ́ kọ̀ǹpútà, àti kíbọ́ọ̀dù kan, ìwọ̀nyí tó fún àwọn fíìmù kéékèèké tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Reaper kò wọ́n: $60 ni wọ́n ń tà á fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì mú owó ńlá wọlé, wọ́n sì fi ọjọ́ 60 sílẹ̀ kí ènìyàn fi dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ohùn ọ̀fẹ́ bíi LABS wà fún ẹni tí ó fẹ́ gọ̀jé àti dùrù tí kò sì lówó láti pe àwọn tí ń ta wọ́n.

Owó tí ó bá kù, ẹ kó o lé orí iná. Ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé ní Èkìtì mọ̀ pé iná ìjọba kì í dúró de ọjọ́ tí pródúsà ń retí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè gba ohùn sílẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, nítorí ìró rẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yóò wọ inú ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, kò sì ní ṣeé yọ kúrò láìba ohùn náà jẹ́. Báńtírì àti ínfátà tí ó lè gbé kọ̀ǹpútà fún wákàtí mélòó kan wúlò ju gbohùngbohùn olówó gọbọi lọ. Bí òrùlé yín bá jẹ́ pánù, ẹ má ṣe fi gbígba ohùn sí ọ̀sán ìgbà òjò. Òru ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì fi aṣọ ìbora tí ó nípọn bo ògiri tí ó dojú kọ ẹni tí ń kọrin.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olórin kì í kà sí títí yóò fi dá wàhálà sílẹ̀: láti ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ fíìmù wà ní 48 kHz àti 24 bit, ìyẹn ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn sílẹ̀, nítorí èyí ni àwọn tí ń po ohùn fíìmù pọ̀ máa ń béèrè. 44.1 kHz tí a ń lò fún sídì kì í ṣe ti fíìmù.

Ohùn tí ó wà nílẹ̀ yìí

Olórin tí ó wà ní Èkó ní àǹfààní tí olórin Èkìtì kò ní, ìyẹn ni pé ó sún mọ́ àwọn pródúsà ńláńlá. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ tiwa ni ohùn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Àpíìrì wà, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo jẹ́ òpómúléró rẹ̀. Alámọ̀ wà, tí àwọn ìyá wa ń fi ohùn wọn sun lọ́nà tí ẹ̀rọ kankan kò lè fara wé. Orin ọdún Ògún wà ní Ìrè, ti Olósùnta wà ní Ìkẹ́rẹ́, ti Ùdìrókò sì wà ní Adó. Bí dáírẹ́kítọ̀ bá fẹ́ fíìmù tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn òkè wa, tí a sì fún un ní ohùn gọ̀jé tí gbogbo ayé ti gbọ́ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, kí ni ó dé tí kò ní pe ẹlòmíràn?

Ṣùgbọ́n lílo ohùn ilẹ̀ wa gba ìmọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé agogo kì í bá dùrù òyìnbó dọ́gba. Kí ẹ tó kọ nǹkan kan sí i, ẹ gba ohùn agogo náà sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ wo ibi tí ohùn rẹ̀ wà gan-an, kí ẹ sì tún ohùn dùrù àti gọ̀jé ṣe kí wọ́n lè bá a mu. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ fa ohùn agogo bọ̀ sórí ti dùrù, torí pé ohun tí ó fún un ní adùn ni ẹ fẹ́ pa yẹn. Ìkejì ni pé awọ ìlù a máa rọ̀ nígbà òjò, a sì máa le nígbà ọyẹ́. Gbogbo ìlù tí yóò wà nínú ìran kan, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìró ìlù kọ̀ọ̀kan lásán sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó bá a bí ẹ bá ní láti padà wá lóṣù mìíràn.

Ìkẹta ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ orin fíìmù láti inú fídíò òyìnbó kò lè rí i kọ́ níbẹ̀. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi dùndún tí ń fọhùn sábẹ́ ìran tí bàbá àti ọmọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní gbádùn ọ̀kankan nínú wọn. Nínú ìran ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ lo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù ńlá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tàbí ohùn ènìyàn tí kò pe ọ̀rọ̀. Kí ẹ fi dùndún pa mọ́ de ìgbà tí ẹnu gbogbo bá dákẹ́, kí ó wá sọ ohun tí ẹnì kankan kò lè sọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oríkì. Bí onílù yín bá fi oríkì Ewì tàbí ti Ògògà kí ọba kan tí òǹkọ̀wé fíìmù hùmọ̀, gbogbo ará Adó àti ará Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá wo fíìmù náà ni yóò mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe é kò bìkítà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílù ohun tí ó ń lù. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí orin náà bá ní ọ̀rọ̀ nínú, ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ròkè, orin kò gbọdọ̀ wálẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ àwọn orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn òyìnbó, tí ènìyàn sì ní láti wo ìwé kí ó tó mọ ohun tí ó ń kọ. Bí ìtàn bá jẹ́ ti Èkìtì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní ẹ̀ka èdè Èkìtì, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbàlagbà kan tí kò kúrò nílé rí gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé e fún dáírẹ́kítọ̀.

Bí ẹ bá ń lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ rí olórí ẹgbẹ́ náà. Ẹ má ṣe fi owó lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ kí ó lọ bá yín pe àwọn màmá alámọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ fíìmù tí ó jẹ́, ẹ sọ pé a ó tà á, ẹ sọ iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan yóò gbà, kí ẹ sì san án kí wọ́n tó túká. Fún ẹni tí kò bá mọ̀wé, ẹ tan gbohùngbohùn, kí ó fi ohùn ara rẹ̀, ní èdè ara rẹ̀, sọ pé òun gbà kí ẹ lo ohun tí òun kọ, ẹ sì tọ́jú ohùn yẹn pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Òfin Nàìjíríà fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó ṣe, ó sì dáàbò bo orin ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó jẹ́ ti àwùjọ kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣòwò ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń lò ó nílé, ẹ ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọnà, kí ẹ sì dárúkọ ìlú tí orin náà ti wá. Orin mìíràn sì wà tí kò yẹ kí ó kúrò ní ojúbọ rárá. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé eléyìí kì í ṣe ti títà, ẹ pa ẹ̀rọ yín.

Bí a ṣe ń rí iṣẹ́ àkọ́kọ́

Ibi tí mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọyẹ́, nítorí pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà àti iṣẹ́ ìròyìn wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń ya fíìmù kéékèèké tí kò ní orin tí ó dára. Ẹ lọ bá wọn. Owó tí wọ́n lè san kò ní tó nǹkan, ṣùgbọ́n dáírẹ́kítọ̀ ọdún méje sí i ni ẹ ń bá ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lo ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti fi hàn ẹlòmíràn, kí ẹ sì kó àwọn ìran náà jọ sínú fídíò kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí ìran àkọ́kọ́ inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó dára jù, nítorí pródúsà tí ọwọ́ rẹ̀ dí kì í wo ju ìyẹn lọ.

Orin tiyín náà jẹ́ ọ̀nà sí fíìmù. Àwọn dáírẹ́kítọ̀ kì í wá ẹni tí ó lè kọ oríṣiríṣi. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ti wà lọ́kàn wọn ni wọ́n ń wá. Tope Alabi di ẹni tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀ nípasẹ̀ orin tí ó kọ sínú fíìmù Yorùbá láti ìgbà fídíò àgbéléwò, ohùn yẹn sì wà lọ́tọ̀ tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn kò ní ṣì í mọ̀.

Wíwo fíìmù pẹ̀lú dáírẹ́kítọ̀

Ẹ má ṣe kọ orin sí fíìmù tí wọn kò tíì gé tán. Ẹ dúró títí edítọ̀ yóò fi sọ pé ìran kankan kò ní kúrò ní ipò rẹ̀ mọ́, kí ẹ wá jókòó ti dáírẹ́kítọ̀, kí ẹ jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ máa kọ ibi tí orin yóò ti wọlé àti ibi tí yóò ti jáde sílẹ̀ ní wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá àti férémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tí a tò jọ di fíìmù. Ẹ béèrè ìdí tí orin fi ní láti wà níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ìran náà kò lágbára tó, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé orin kò lè wo àìsàn yẹn sàn.

Nínú tíátà alárìnkiri tí Hubert Ogunde (1916–1990) jẹ́ àgbà fún, òṣèré ni ó ń kọrin lórí ìtàgé, orin náà sì jẹ́ apá kan ìtàn. Nígbà tí fídíò àgbéléwò dé, ọ̀pọ̀ sáǹdítíráàkì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ṣáájú ìtàn: ìyàwó kò tíì da májèlé sínú ọbẹ̀, orin ti sọ fún wa pé yóò dà á. Mo gbà pé àṣà yìí ní olólùfẹ́, ó sì ní adùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo rọ̀ yín kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orin mọ ohun tí ẹni tí ó wà nínú ìran náà ń ní lọ́kàn, kí ó má ṣe mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ẹ béèrè iye férémù tí fíìmù náà ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bóyá 24 ni tàbí 25, kí ẹ sì tò ó bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín. Fíìmù ìṣẹ́jú 90 tí a yà ní férémù 24, bí wọ́n bá sáré rẹ̀ ní 25, yóò di ìṣẹ́jú 86 àti díẹ̀, orin yín kò sì ní bá ẹsẹ̀ òṣèré mu mọ́. Ìṣirò ìlù rọrùn: ẹ sọ férémù ìṣẹ́jú àáyá kan di ìlọ́po 60, kí ẹ fi iye ìlù inú ìṣẹ́jú kan pín in. Ní férémù 24, ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́ férémù 12 fún ìlù kọ̀ọ̀kan. Ní férémù 25, ìlù 100 jẹ́ férémù 15. Nígbà tí nọ́ńbà bá jáde láìní ìyókù báyìí, ó rọrùn láti mú kí ìlù bọ́ sí orí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí tàbí tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ní ti àkókò, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ọjọ́ kankan. Bí fíìmù ìṣẹ́jú 90 bá nílò orin ìṣẹ́jú 40, tí ẹ sì lè parí ìṣẹ́jú méjì lóòjọ́, ogúnjọ́ iṣẹ́ ni yẹn láìka àtúnṣe, láìka ọjọ́ tí iná kò sí. Pródúsà tí ó ní kí ẹ parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ń béèrè iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe èyí tí ó sọ.

Ìwé àdéhùn

Orin kan ní ẹ̀tọ́ méjì nínú. Èkíní ni ẹ̀tọ́ lórí orin tí a kọ, ìyẹn ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀. Lábẹ́ òfin Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ẹ̀tọ́ lórí orin tí ènìyàn kọ wà fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún. Ẹ̀tọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní kété tí a bá ti kọ orin sílẹ̀ tàbí gbà á sílẹ̀. Fífi orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dáradára ni bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ẹni tí ó lè gba ẹ̀tọ́ yín pátápátá láìsí ìwé tí a kọ. Nítorí náà, ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí láìkà á ni ó léwu.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fún pródúsà ní àṣẹ ìlò, kí ẹ má ṣe ta orin náà fún un. Kí àṣẹ náà jẹ́ pé òun nìkan ni ó lè lo orin yìí nínú fíìmù yìí, ní gbogbo ayé, títí láé, ní sinimá, lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó nílò láti ta fíìmù rẹ̀ níyẹn, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ni ẹ ṣì ni orin náà, ẹ sì lè gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí àwo orin lẹ́yìn tí fíìmù bá ti jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan máa ń ní dandan kí gbogbo ẹ̀tọ́ jẹ́ tiwọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí owó iṣẹ́ náà pọ̀ ju ti àṣẹ ìlò lọ dáadáa, kí ẹ sì rí i pé ìwé sọ pé ìpín òǹkọ̀wé nínú owó ẹ̀tọ́ tí ń wá láti orí tẹlifíṣọ̀n àti sinimá ṣì jẹ́ tiyín.

Kí ìwé náà sọ iye ìṣẹ́jú orin, ọjọ́ tí ẹ ó gbé e wá, iye ìgbà tí ẹ ó tún un ṣe láìgba owó mìíràn, bí orúkọ yín yóò ṣe hàn lójú fíìmù, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí fíìmù náà kò bá parí. Owó a máa dára ní ìpín mẹ́ta: ìlàjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tí dáírẹ́kítọ̀ bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tí ó sì gbà á, ìdá kan nínú mẹ́rin tí ó kù kí ẹ tó fi fáìlì ìkẹyìn ránṣẹ́. Owó iṣẹ́ tiyín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ orin yàtọ̀ sí owó tí ẹ ó san fún onílù àti àwọn akọrin. Kí ẹ kọ méjèèjì sọ́tọ̀, kí pródúsà lè rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń jẹ owó náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ní ilẹ̀ wa ni pé pródúsà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ará ìjọ, tàbí ọmọ ìlú kan náà, tí bíbéèrè ìwé yóò sì dà bí ẹni pé a kò fọkàn tán an. Ẹ má ṣe dákẹ́ nítorí ìyẹn. Ẹ lè kọ báyìí sí i: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Inú mi dùn púpọ̀ pé èmi ni ẹ rántí. Mo ti kọ ohun tí a jọ sọ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wò ó, kí ẹ tún ibi tí kò bá yín lára mu ṣe, kí a lè jọ fọwọ́ sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwa méjèèjì bá ti gbàgbé, ìwé yóò bá wa rántí.» Ẹni tí ó bá fẹ́ san owó kì í bínú sí irú lẹ́tà yìí. Tí ó bá bínú, ó sàn kí ẹ mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Orin tiyín àti ibi tí ó ti ń kọlu fíìmù

Láti gbé orin jáde fúnra yín, ẹ ó lo ilé iṣẹ́ alárinà bíi DistroKid tàbí TuneCore, tí yóò gbé e dé Spotify, Apple Music, Boomplay àti àwọn yòókù. Ẹ kọ orúkọ yín bákan náà ní gbogbo ibi, kí ẹ má ṣe fi àmì sí i lónìí kí ẹ yọ ọ́ lọ́la, nítorí ẹ̀rọ yóò kà á sí ẹni méjì. Gbogbo ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ISRC, tí ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Ẹ kọ ọ́ pamọ́, nítorí ẹ ó nílò rẹ̀. Ẹ fi orin ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí yóò jáde, kí ẹ lè fi han àwọn tí ń to àkójọ orin lórí Spotify, tí wọ́n ní kí ó kéré tán jẹ́ ọjọ́ méje ṣáájú.

Ẹ má ṣe fi ọkàn tán owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2024, orin tí kò bá tó 1,000 ìgbọ́ láàárín oṣù 12 kì í mú owó kankan wọlé lórí Spotify. Òde ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, àti ayẹyẹ ìlú ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ olórin Èkìtì, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Rédíò náà ṣì lágbára níbí. Yinka Ayefele, ọmọ Ìpòtì-Èkìtì, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ rédíò kí ó tó di olórin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, lẹ́yìn náà ni ó dá Fresh FM sílẹ̀, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ wà ní Adó.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ méjèèjì ti ń kọlu ara wọn, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rú. Àwọn alárinà orin máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí YouTube máa fi Content ID, ẹ̀rọ rẹ̀ tí ń dá orin mọ̀, ṣọ́ orin yín. Bí ẹ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún orin tí ó wà nínú fíìmù, tí pródúsà sì gbé fíìmù rẹ̀ sórí YouTube, bí ọ̀pọ̀ pródúsà fíìmù Yorùbá ti ń ṣe báyìí, ẹ̀rọ náà yóò sọ pé fíìmù náà jí orin yín, owó ìpolówó tí ó yẹ kí ó wọ àpò pródúsà yóò sì máa wá sọ́dọ̀ yín tàbí kí ó dúró sójú kan. Kì í ṣe ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n yóò dà bí ẹ̀tàn lójú ẹni tí kò mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé àwo orin fíìmù jáde, ẹ jọ pinnu rẹ̀: yálà kí ẹ má ṣe fi Content ID sí i, tàbí kí ẹ ní kí alárinà yọ ìkànnì pródúsà kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣọ́. Kí ìpinnu yìí wà nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú.

Gbígbé iṣẹ́ kalẹ̀

Ẹ má ṣe fi orin ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì kan ṣoṣo. Kí ìlù wà lọ́tọ̀, kí ohùn ènìyàn wà lọ́tọ̀, kí gọ̀jé àti dùrù wà lọ́tọ̀, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibì kan náà, kí ẹni tí ń po ohùn pọ̀ lè rẹ ìlù sílẹ̀ nígbà tí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìpa orin yòókù. Ẹ sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó fi ipò rẹ̀ hàn: 1M1 fún orin àkọ́kọ́ ní apá kìíní, 1M2 fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àkókò tí ó ti wọlé. Ẹ má ṣe fún ohùn náà pọ̀ kí ó lè ké. Iṣẹ́ apòhùn ni ìyẹn. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn má ṣe sí nínú ilé yín.

Lẹ́yìn náà ni ìwé tí wọ́n ń pè ní cue sheet. Ẹ kọ gbogbo orin tí ó wà nínú fíìmù náà sínú rẹ̀: orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó kọ ọ́ àti ìpín rẹ̀, bí ó ṣe gùn tó ní ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, àti bóyá òṣèré ń gbọ́ ọ nínú ìran tàbí olùwòran nìkan ni ó ń gbọ́ ọ. Ẹ kọ orin tí kì í ṣe tiyín pẹ̀lú, títí kan orin àpíìrì tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ sì fi orúkọ ìlú wọn sí i. Ìwé yìí ni tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún olórin, irú bíi MCSN níhìn-ín tàbí PRS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń mọ ẹni tí wọn yóò san owó fún. Fíìmù tí kò ní i lè wà lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọdún púpọ̀ kí owó òǹkọ̀wé orin má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ fún pródúsà ní ẹ̀dà kan, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ẹ pa ọ̀kan mọ́. Nígbà tí fíìmù bá jáde, ẹ wò ó dé òpin, kí ẹ rí i pé orúkọ yín, ti onílù yín àti ti àwọn màmá alámọ̀ wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn. Bí orúkọ ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí pródúsà lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, nítorí fíìmù tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ṣeé tún ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò rà á.